Ẹni tó dákú: àyẹ̀wò tó ń fọhùn àti èyí tó kàn ń jẹ owó

Bí ènìyàn bá dákú lójijì, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń kọ lé ẹbí lọ́wọ́ kì í sábà kéré: CT scan orí (àwòrán inú orí), EEG (àyẹ̀wò iná ọpọlọ), àwòrán iṣan ọrùn, àyẹ̀wò ibà, Widal nítorí taifọ́ọ̀dù, ti kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ẹbí á sá sókè sá sódò, wọ́n á rí owó san, èsì á jáde pé kò sí nǹkan kan, ẹni tó dákú á sì padà sílé láìmọ ohun tó gbé e ṣánlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìdákú, àyẹ̀wò mẹ́ta tí owó wọn kéré jù ló ń fọhùn jù: ìbéèrè tí a fara balẹ̀ bi, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí a wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró, àti ECG, àwòrán iná ọkàn. Èyíkéyìí tó bá máa tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló yẹ kó tọ́ka sí i. Bí kò bá sí ohun tó tọ́ka sí i, kò sí àrífín nínú kí ẹ bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí lẹ ń wá nínú èyí?"

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè lọ sínú ọpọlọ dínkù lójijì. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sí mẹ́jọ péré, ojú á ṣú, orúnkún á yẹ̀, ó di ilẹ̀. Bí ara bá ti wà ní ìbú, ẹ̀jẹ̀ á tún rí ọ̀nà dé orí, ẹni náà á sì jí fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ da omi sí i lójú. Ọpọlọ ni ìyà jẹ, òun kọ́ ló ṣẹ̀. Bí omi kò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, táǹkì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè lèèyàn ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹnu ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí àwòrán orí kì í fi í sábà rí nǹkan kan sọ.

Ibi mẹ́ta ni ìdákú ti sábà máa ń wá. Àkọ́kọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á dẹ̀, á sì fẹ̀ lójijì, lílù ọkàn náà á sì dínkù, nítorí ìdúró pípẹ́, ooru, ìrora, ẹ̀rù, tàbí rírí ẹ̀jẹ̀. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, kì í sì í pa ènìyàn àfi bó bá ṣubú lé ohun tó lè ṣe é léṣe. Ìkejì, ìfúnpá á já wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde, bóyá nítorí pé omi tàbí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára, bóyá oògùn ló fà á, bóyá àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ ti ba ohun tó ń pàṣẹ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ìkẹta ni ọkàn fúnra rẹ̀: ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí ó dá lílù dúró díẹ̀, tàbí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú rẹ̀ há. Ìkẹta yìí kò wọ́pọ̀ tó àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń pa ènìyàn jù. Gbogbo akitiyan tí a bá ń ṣe, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: ṣé ọkàn ni, àbí ọkàn kọ́?

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale ní New Haven, Amẹ́ríkà, ti fi ìṣirò sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí wọn tó jáde ní 2009 yẹ ìwé ìtọ́jú àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò, tí wọ́n gbà wọlé nítorí ìdákú láàárín 2002 sí 2006, ìgbàwọlé 2,106 lápapọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 63 ló ṣe CT orí, 95 ló ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ìpalára ọkàn. Ìfúnpá ìdùbúlẹ̀ àti ìdúró ńkọ́? 38 péré. Bẹ́ẹ̀ CT orí, EEG, àwòrán iṣan ọrùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọkàn yẹn, kò sí ọ̀kan tó yí ìtọ́jú padà dé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí èyí tó fi ohun tó fa ìdákú hàn dé méjì. Ìfúnpá ìdúró tí wọ́n pa tì ló yí ìtọ́jú padà nínú 25 sí 30. Wọ́n wá ṣírò iye tí wọ́n ná kí wọ́n tó rí àyẹ̀wò kan tó wúlò: EEG, $32,973, CT orí, $24,881, ìfúnpá, $17 sí $20. Àgbàlagbà ni wọ́n yẹ̀ wò o, kì í ṣe ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá wúlò fún àgbàlagbà tí ẹ̀gbà àti kókó inú ọpọlọ wọ́pọ̀ lára wọn ju ti ọ̀dọ́ lọ, kí ni yóò rí lórí ọmọ ogún ọdún?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians náà ti sọ ọ́ gbangba pé bí ẹnì kan bá dákú lásán, tí àyẹ̀wò ara rẹ̀ kò fi àìsàn ọpọlọ kankan hàn, kí wọ́n má ṣe CT tàbí MRI orí fún un. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2017 àti ti Yúróòpù ti 2018 lórí ìdákú fẹnu kò síbi kan náà: ìbéèrè, àyẹ̀wò ara pẹ̀lú ìfúnpá ìdúró, ECG. Ibẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ

Ẹni tó dákú kò mọ bó ṣe rí. Ẹni tó dúró tì í ló mọ̀ ọ́n. Bí olùkọ́ ló rí i, tàbí alájọṣiṣẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n jọ wà ní ìlà báǹkì, kí onítọ̀hún bá wọn dé ilé ìwòsàn, tàbí ó kéré tán kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sínú mọ́tò kò lè fi igbe ẹkún rọ́pò ohun tí kò fojú rí.

Kí ló ń ṣe nígbà náà? Ẹni tó dúró pẹ́ ní gbọ̀ngàn ìnáwó tó móoru pẹ̀lú léèsì tó wúwo, akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lóòrùn ní àpéjọ òwúrọ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́: ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Bàbá tó jí lóru lọ tọ̀, tó ṣubú síbi tó ti ń tọ̀ ní ìdúró, ẹ̀ka ti àkọ́kọ́ ni òun náà, kí ó máa jókòó tọ̀ lóru. Ẹni tó dìde láti orí ibùsùn, láti orí ìkúnlẹ̀, tàbí tó gbórí sókè láti sùjúùdù, ìfúnpá ìdìde ni kí ẹ fura sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú nígbà tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó dákú ní ìdùbúlẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ sáré lù kìkì kó tó ṣubú, ẹni tí kò rí àmì kankan rárá títí ojú rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé ọkàn ni títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi jáde.

Ìdákú àkọ́kọ́ yìí máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Inú á máa rú, òógùn tútù á bo ara, etí á máa hó, ojú á máa ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ojú ẹni náà á funfun. Lára adúláwọ̀, ẹ wo ètè, àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú, níbẹ̀ ló ti ń hàn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni wárápá. Ẹni tó dákú lè gbọ̀n o. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè ta pàtìpàtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó lè tọ̀ sára, ojú rẹ̀ lè là sílẹ̀, kó sì jẹ́ pé ìdákú lásán ni. Wọ́n á ké pé "gìrì ni!", wọ́n á kọ wárápá sínú ìwé, ọmọdébìnrin á sì gbé orúkọ yẹn káàkiri títí dọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ ka ìgbọ̀n náà bí ẹ bá lè kà á: bí kò bá tó mẹ́wàá, ó sún mọ́ ìdákú, bó bá ju ogún lọ, ó sún mọ́ wárápá. Ìdákú kì í sábà kọjá ogún ìṣẹ́jú àáyá sí ìdajì ìṣẹ́jú, ẹni náà á sì jí, á mọ ibi tó wà. Ẹni tí wárápá gbé máa ń ṣe bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú fún ìṣẹ́jú púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ orúkọ, kò mọ ọjọ́, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ lè ti gé. Ìtọ̀ kò fi ìyàtọ̀ hàn rárá, ẹ má gbé e lé e. Bí ó bá sì jẹ́ ojú ni ẹni náà dì pinpin, tó ń pẹ́ nílẹ̀, tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ìyẹn lè jẹ́ ti ìdààmú inú ìrònú, kì í ṣe ti ọkàn tó ń lù, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣe àgálámàṣà.

Bí àwọn ènìyàn bá pọ̀ nídìí rẹ̀, kí ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹnì kan sì fi fóònù yà á ní fídíò. Fídíò ìṣẹ́jú kan ju EEG mẹ́ta lọ lójú dókítà ọpọlọ. Kí ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ má gbé e jókòó tàbí nàró: bí ẹ bá nà án ró, ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè dé orí, ìdákú tí ì bá parí ní ìdajì ìṣẹ́jú á gùn sí i.

Ìfúnpá: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn tó kéré jù, ó sì wà nílé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ gbalaja fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù. Ẹ wọ̀n ìfúnpá rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà òkè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀, àti iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan sílẹ̀. Kó wá dìde dúró, kí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àga lẹ́yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n bó bá pé ìṣẹ́jú kan tó dìde, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kẹta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, tàbí ti òkè já sí abẹ́ 90, ọwọ́ ti tẹ nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bàbá kan tó wà ní 138/84 ní ìdùbúlẹ̀, tó di 110/72 ní ìṣẹ́jú kẹta. Ó pàdánù 28 lókè. Bó bá jẹ́ pé ìjókòó nìkan ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 138 yẹn ni wọ́n á rí, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga díẹ̀, wọ́n á fi hóró oògùn kan kún ti tẹ́lẹ̀, bàbá á sì tún ṣubú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń bí mi nínú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á wọ̀n ọ́n ní ìjókòó, kí wọ́n wá ní kó dìde. Ìjókòó ti fa ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ ná, nítorí náà ìyàtọ̀ tó yẹ kó hàn á kéré. Òmíràn: wọ́n á jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó dúró. Apá tó rọ̀ sísàlẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà ga, ó lè bo gbogbo ìjáwálẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Kí apá wà ní ọ̀gángán ọkàn, kí ẹnì kan fọwọ́ gbé e tàbí kó gbé e lé orí tábìlì gíga. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá náà gbọ́dọ̀ bá apá mu. Èyí tó kéré fún apá ńlá á sọ nọ́ńbà di gíga. Wọ́n tún máa ń fa omi díríìpù lítà kan sí i lára tán kí wọ́n tó rántí wọ̀n ọ́n, nígbà yẹn ẹ̀rí ti bá omi lọ. Àárọ̀ kùtù, kó tó mu tíì, ni ìjáwálẹ̀ máa ń hàn jù. Àwọn àgbàlagbà kan sì wà tí tiwọn ń wáyé láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ńlá. Bí èsì bá dára lọ́sàn-án, ẹ tún un ṣe láàárọ̀. Bí ó bá ní òòyì ń kọ́ òun lórí ìdúró, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, nítorí nọ́ńbà tó bá òòyì rìn ló níye lórí.

Lílù ọkàn tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ìfúnpá bá já, tí ọkàn sì sáré sókè dáadáa, bí ẹni láti 76 sí 104, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ló dín lára: ìgbẹ́ gbuuru, ààwẹ̀, nǹkan oṣù tó pọ̀, ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìfúnpá bá já gan-an, tí ọkàn kò sì mira, kò fi 15 gòkè, ohun tó yẹ kó ta ọkàn jí ni kò ṣiṣẹ́, ẹ wo àtọ̀gbẹ àti oògùn tó ń dín lílù ọkàn kù. Bí ìfúnpá kò bá já ṣùgbọ́n tí lílù ọkàn fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdúró, tó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àìsàn mìíràn nìyẹn, POTS ni wọ́n ń pè é. Lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló ti wọ́pọ̀ jù.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti da àpò oògùn sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀, tó fi mọ́ ti kẹ́mísì àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Moduretic ń fa omi jáde lára, amlodipine ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, tamsulosin tí wọ́n ń fún àwọn bàbá nítorí ìtọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn agbára ọkùnrin ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo mẹ́ta pọ̀, kí ló kù tí kò ní ṣubú? Àwọn kan tún wà tó ń da iná tó ń tọ́ ọkàn rú: quinine, erythromycin, azithromycin, levofloxacin, haloperidol, pàápàá bí wọ́n bá lo méjì pọ̀. Tramadol ní tirẹ̀ lè fa gìrì gidi. Ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o. Ẹ gbé nọ́ńbà ìdùbúlẹ̀ àti ti ìdúró lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

ECG, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí gbogbo ènìyàn tó dákú gbọ́dọ̀ ṣe

Ohun mẹ́wàá ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, mẹ́rin sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, mẹ́fà sí àyà. Ẹ̀rọ á fi wọ́n ya àwòrán méjìlá iná ọkàn. Kò dunni, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sí iná tó ń wọ ara. Òróró àti ìpara lára kì í jẹ́ kó lẹ̀, nítorí náà kí wọ́n fi sípírítì nu àyà, kí wọ́n fá irun bó bá pọ̀. Bí yàrá bá tutù débi tí ènìyàn ń gbọ̀n, ìlà á máa gbọ̀n bákan náà. Àṣìṣe méjì ló yẹ kí ẹni tó ń ṣe é ṣọ́ra fún: wáyà ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì tó pa ipò dà, àti méjì àkọ́kọ́ ti àyà tí wọ́n lẹ̀ sókè jù. Àlàfo kẹrin láàárín egungun ìhà ni wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́. Bó bá gòkè jù, ó lè ya àwòrán àìsàn tí kò sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé kò tó gbé ara lé. Dókítà ni kó kà á.

Ohun tí dókítà ń wá níbẹ̀ ni ìdádúró láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ọkàn, ọ̀nà iná àfikún tó lè mú ọkàn sáré, àkókò tí iná ọkàn fi ń tàn tó sì ń padà sípò (QT) tó gùn jù, pàápàá bó bá kọjá 500 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, àmì pé ẹran ọkàn nípọn, àti àpá ọkàn tó ti farapa rí. Ẹni tí èyíkéyìí nínú wọn bá hàn lára rẹ̀ lẹ́yìn ìdákú kò gbọ́dọ̀ sùn sílé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn ọmọ wa tó ń ṣe eré ìdárayá. ECG adúláwọ̀ tó ń ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́ lè gbé àwọn ìgbì kan tó dojú dé sójú ìwé, láti V1 dé V4 (orúkọ àwọn ohun mẹ́fà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà ni V1 dé V6), tí yóò jọ àìsàn lójú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí ECG òyìnbó. Ìlànà àgbáyé ti 2017 lórí ECG eléré ìdárayá gbà pé wọ́n jẹ́ ti ara. Ṣùgbọ́n bí ìgbì yẹn bá dojú dé ní V5 àti V6, kì í ṣe ti ara mọ́. Kó lọ ṣe àwòrán ọkàn. Eléré tó bá sì dákú láàárín eré, ECG rẹ̀ ìbáà dára bí oṣù, àwòrán ọkàn di dandan, kó sì fi pápá sílẹ̀ títí èsì yóò fi dé. Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré Surulere ní 12 Oṣù Kẹjọ 1989 nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Marc-Vivien Foé ti Cameroon ṣubú ní Lyon ní 26 Oṣù Kẹfà 2003, ọkàn rẹ̀ ló nípọn. Àwọn méjèèjì kò jí. Ẹni tó bá ṣubú lórí pápá tó sì jí, ó rí àǹfààní àyẹ̀wò tí wọn kò rí.

Àwọn tó kù, níbi tí wọ́n ti wúlò

Ṣúgà: kí wọ́n gún ìka rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó rọ ohun mímu dídùn sí i lẹ́nu, àgàgà bó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Bó bá wà ní abẹ́ 70 mg/dL, ó ti lọ sílẹ̀. Abẹ́ 54, ó léwu. Ìdùbúlẹ̀ nìkan kì í jí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìdákú nìyẹn.

PCV, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, wúlò bí àmì àìtó ẹ̀jẹ̀ bá wà. Kí ẹ rántí ohun méjì: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn, PCV rẹ̀ lè ṣì dára, nítorí omi àti ẹ̀jẹ̀ pupa ló jọ ń lọ, ẹni tó ní SS, PCV rẹ̀ ti máa ń wà ní 20 lé díẹ̀ láti ilẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n fi wé e. Obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, tó dákú, tí ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dùn ún, àyẹ̀wò oyún ni kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Oyún tó dúró síta ilé ọmọ, tó bá bẹ́, á tú ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn níbi tí ojú kò ti lè rí i, kò sì ní dúró de CT.

Ibà? Bí ara bá gbóná, ẹ ṣe é. Widal ni mi ò mọ ohun tó ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ara fi ń bá taifọ́ọ̀dù jà ló ń kà, ó sì lè máa hàn lẹ́yìn tí àìsàn náà ti lọ tipẹ́.

Àwòrán ọkàn ni kí ẹ náwó lé bí dókítà bá gbọ́ ariwo nínú ọkàn, bí ECG kò bá dára, bí ẹsẹ̀ bá wú tí èémí sì ń há, tàbí bí ìdákú bá wáyé níbi eré. Láìsí èyíkéyìí nínú wọn, ó sábà máa ń bọ́ sí asán.

Holter, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ara fún wákàtí 24 sí 48, ni wọ́n ń lò nílòkulò jù. Ẹni tó ń dákú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ni ìdánilójú pé yóò dákú láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn? Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Holter dára. Bó bá ń wá lóṣooṣù, kí wọ́n wá èyí tí yóò wà lára fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, tí ẹ̀rù ọkàn sì ń bà wọ́n, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tó lè ṣọ́ ọkàn fún bí ọdún mẹ́ta. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá wọ Holter gbọ́dọ̀ kọ àkókò tí òòyì kọ́ ọ sílẹ̀, kí aago fóònù rẹ̀ sì bá ti ẹ̀rọ mu. Bí òòyì bá kọ́ ọ tí ìlà ọkàn dára lásìkò yẹn gan-an, èsì gidi nìyẹn: kì í ṣe ìlù ọkàn. Bí kò bá sí àmì kankan ní gbogbo ọjọ́ méjèèjì, tí wọ́n kọ "kò sí ìṣòro" sí i, wọn kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan. Nínú ooru tiwa, òógùn máa ń tú àwọn ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ má wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún àfikún láti mú lọ sílé.

Ibùsùn tí wọ́n ń gbé nàró náà wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ìdákú tí kò ní àlàyé ní London ní 1986. Wọ́n á so ẹni náà mọ́ ọn, wọ́n á gbé e dé ìwọ̀n dígírì 60 sí 70, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á fi oògùn kékeré sábẹ́ ahọ́n bí kò bá tíì dákú, wọ́n á tún dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Ó dára fún ẹni tí ìtàn rẹ̀ kò já gaara, tàbí láti ya ìdákú sọ́tọ̀ kúrò lára wárápá tí oògùn kò ràn. Kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹ má sì banújẹ́ jù: àwọn tí kò dákú rí láyé wọn lè dákú lórí rẹ̀, ẹni tó ń dákú lóṣooṣù sì lè dúró lórí rẹ̀ títí láìmira.

Ìgbà wo wá ni CT orí tọ́? Bó bá forí gbá ilẹ̀ tó sì ń bì tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí apá kan kò gbé. Bí orí fífọ́ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí bá ṣáájú ìṣubú. EEG ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ìtàn rẹ̀ tọ́ka sí wárápá, kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó ṣubú. EEG tó dára kò sọ pé wárápá kò sí, àwọn tí ara wọn le sì lè ní EEG tó rí ségesège.

Bí ìbéèrè, ìfúnpá ìdúró àti ECG bá dára, tí ìtàn sì bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ lè lọ sílé láìṣe nǹkan mìíràn: omi lítà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́ bí kíndìnrín àti ọkàn bá gbà á, kí ẹ dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó kí ẹ ki orí sáàárín orúnkún bí àmì bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kọ́ra kí ẹ sì fún itan àti ìdí pọ̀ bí ibi ìdùbúlẹ̀ kò bá sí. Ẹ gba ECG yín lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò, nítorí ẹni tí yóò ka ti ọjọ́ mìíràn á fẹ́ fi wé ti òní. Ìwé rẹ̀ kì í lo yíǹkì, ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń ṣá bó bá wà lóòrùn tàbí nínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ fi fóònù yà á lọ́jọ́ kan náà, kí orúkọ, déètì àti àkókò hàn ketekete nínú fọ́tò náà.